Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ àti Federal Character: ẹ̀yà kékeré inú ìpínlẹ̀ ńkọ́?

ỌmọOwé

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àríyànjiyàn lórí Federal Character, ìlànà tí wọ́n fi ń pín ipò àti iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀, ti ń lọ níhìn-ín láti bí ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kan ní kí ìjọba fagi lé e pátápátá. Àwọn kan ní òun nìkan ló jẹ́ kí àwọn ẹ̀yà kéékèèké rí ibi jókòó sí ní Àbújá. Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Mi ò bá èrò tó wà nídìí òfin yẹn jà. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni mò ń bá jà. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ẹ̀yà.

Abala 14(3) nínú ìwé òfin 1999, tó ti wà nínú ti 1979 ṣáájú, sọ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn láti ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ ló máa pọ̀ jù nínú ìjọba àpapọ̀ àti àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ àti ẹ̀yà, méjèèjì ló dárúkọ. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti dórí pínpín ipò, ẹ ò ní rí ẹ̀yà mọ́. Abala 147(3) ní kí ààrẹ yan ó kéré tán mínísítà kan láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni náà sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ ọ̀hún. Ìpínlẹ̀ 36 la ní. Èdè tí wọ́n ń sọ ní Nàìjíríà lé ní 500. Àwọn tó kù dà?

Ọmọ Kàbà ni mí. Yorùbá ni wá, ṣùgbọ́n ní Kogí, àwa Òkun la kéré. Ìjọba òyìnbó kà wá mọ́ Àríwá, wọ́n kó wa sí Kwara ní 1967, wọ́n tún gé wa mọ́ Kogí ní 1991. Láti 1991 títí di òní, kò tíì sí ọmọ Òkun tí wọ́n dìbò yàn sípò gómìnà. Clarence Olafemi ṣe adelé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní 2008 nítorí pé òun ni olórí ilé aṣòfin nígbà yẹn, ó sì parí síbẹ̀. Bí Àbújá bá wá yan ọmọ Ígálà tàbí ọmọ Ebira sípò kan, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé Kogí ti rí tirẹ̀ gbà. Nínú ìwé wọn, èmi náà ti rí tèmi gbà nìyẹn.

Ìbéèrè mi: ṣé òfin tí wọ́n ṣe nítorí ẹ̀yà kéékèèké kò ti di òfin tó ń bo ẹ̀yà kéékèèké mọ́lẹ̀ báyìí?

ÒṣìṣẹFẹ̀yìntì

ỌmọOwé, mo kí ọ. Ìjọba àpapọ̀ ni mo bá ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Ìjọba ológun ló fi òfin dá Àjọ Federal Character sílẹ̀ ní 1996. Ìlànà tí wọ́n là kalẹ̀ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ kan kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 2.5, wọn kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 3 lọ. Àbújá ní ìdá 1. Tó bá jẹ́ ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni, láti 15 sí 18. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ kéékèèké ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ìpínlẹ̀ kan, ọmọ ìpínlẹ̀ yẹn ló máa kó ìdá 75 ó kéré tán. Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fún èèyàn la fi ń mọ ta ni ọmọ ibo. Láìsí ìwé yẹn, fọ́ọ̀mù rẹ kò lè kúrò lórí tábìlì mi.

Kí ló dé tí a kò fi ka ẹ̀yà? Torí pé kò sẹ́ni tó mọ iye tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ètò ìkànìyàn 1963 ni wọ́n ti béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni gbẹ̀yìn. Ní 1991 àti 2006, wọn ò béèrè ẹ̀yà, wọn ò béèrè ẹ̀sìn, torí wọ́n mọ ogun tí ìdáhùn rẹ̀ máa dá sílẹ̀. Ohun tí o kò kà, ṣé o lè pín nǹkan fún un?

Kí ẹ sì rántí pé nítorí àwọn ẹ̀yà kéékèèké gan-an ni wọ́n ṣe ń dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Ní 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ kan wá, Sir Henry Willink ló ṣe olórí rẹ̀, kí wọ́n wá gbọ́ ohun tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké lẹ́rù nínú ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó di òmìnira. Àwọn èèyàn náà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gé ìpínlẹ̀ fún àwọn. Ìgbìmọ̀ náà kọ̀. Ohun tí wọ́n dábàá ní 1958 ni pé kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sínú ìwé òfin, kí ọlọ́pàá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ pàtàkì sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè Niger Delta. Ẹ̀tọ́ tí gbogbo wa ń pariwo lónìí, ẹ̀rù tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké ló bí i. Lẹ́yìn náà ni Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ya kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn ní 1963, ìbò ni wọ́n fi ṣe é. Gowon wá pín gbogbo rẹ̀ sí ìpínlẹ̀ 12 ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Ojukwu kéde Biafra.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a má ka ìpínlẹ̀ mọ́, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí a máa kà dípò rẹ̀.

ỌmọOwé

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ibi tí ẹ bá ọ̀rọ̀ dé yẹn náà ni mo fẹ́ kó dé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, ẹ̀yà kan á bọ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀yà ńlá, ẹ̀yà mìíràn á tún bọ́ sábẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Ìpínlẹ̀ 12 ló kọ́kọ́ jẹ́, ó di 19, ó di 21, ó di 30, ó di 36. Ibo la máa gé e dé?

Jagunlabí

Àlàyé yín dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀yin yòókù ń fi sábẹ́ ahọ́n. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ìwé ọmọ ìbílẹ̀ kò dáa, pé kí a máa lo ibi téèyàn ń gbé, Èkó ni wọ́n ń bá lọ. Ṣé ẹ ti gbàgbé àbá òfin tí Benjamin Kalu, igbákejì olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, gbé wá ní 2025? Ẹni tó bá ti gbé ibì kan fún ọdún mẹ́wàá, ó ti di ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Àwọn èèyàn wa fárí gá, ó sì fúnra rẹ̀ fà á sẹ́yìn nínú oṣù Keje. Ṣé ẹ rí i pé ní ìlú rẹ̀, kò sẹ́ni tí a gbọ́ pé ó fẹ́ kí Yorùbá wá di ọmọ ìbílẹ̀?

Mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni. Kí oníkálukú máa jẹ́ ọmọ ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Kò sí wàhálà níbẹ̀.

ÌyáIbejì_Jos

Ẹ̀gbọ́n Jagunlabí, wàhálà wà níbẹ̀ o. Ẹ wá sí Jos kí ẹ wá rí i.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi àgbà ti wá sí Jos láti wá ṣòwò nígbà tí iṣẹ́ kùsà táńgánran ń lọ lọ́wọ́. Ibí ni wọ́n ti bí bàbá mi. Ibí ni wọ́n ti bí mi, ibí ni mo ti bí àwọn ìbejì mi. Nígbà tí ọmọ mi máa wọ yunifásítì, Ògbómọ̀ṣọ́ la ti lọ gbàwé. Ọmọ tí kò sùn níbẹ̀ rí! Ọmọ yẹn ń gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ. Àwọn tó wà ní kàǹtà wò ó títí. Ọ̀kan bi í léèrè agbo ilé rẹ̀, ọmọ náà ní kí òun pe ìyá òun.

Àwọn tó ń jìyà jù ni àwọn tí kò ní ibi kankan láti padà sí mọ́. Àwọn Hausa tó ti wà ní Jos láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn Bẹ̀róm, Àfízéré àti Ánágútà tó ni ilẹ̀ kò gbà pé ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n. Kano náà kò mọ̀ wọ́n mọ́. Nígbà tí ìjọba Babangida wá dá ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Jos sílẹ̀ ní 1991, tí ẹni tó bá jẹ alága sì di ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ọmọ ìbílẹ̀, ṣé ẹ wá rí ohun tí wọ́n ń jà lé? 2001, 2008, 2010. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 2008, ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀yin tó wà níbòmíì rò pé ìjà ẹ̀sìn ni. Ẹ̀sìn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa tó ń sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà yẹn mọ̀ pé bébà kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀rù yín lórí Èkó yé mi. Ṣùgbọ́n òfin tí ẹ fẹ́ fi dáàbò bo Èkó ni wọ́n fi ń na àwa ọmọ yín tó wà lẹ́yìn odi.

Senami_B

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè wá, gbogbo yín sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ Yorùbá kò ní ẹ̀yà kékeré tirẹ̀. Ògù ni mí, àwọn tí ẹ̀yin ń pè ní Ègùn. A wà ní Àgbádárìgì, a wà ní Ìpókíá ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ìbátan wa sì kún ilẹ̀ Benin lódìkejì bọ́dà. Àwa la ni ilẹ̀ wa, a kò ṣí wá láti ibì kankan. Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ kì í ṣe ìṣòro wa rárá, à ń rí i gbà wọ́ọ́rọ́wọ́. Lórí bébà, ọmọ Èkó ni wá.

Ìṣòro wa ni pé Èkó tí Àbújá ń kà, Yorùbá ni. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà èdè jáde ní 2022, wọ́n ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ níwèé fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mínísítà ṣàlàyé rẹ̀, èdè tó gbilẹ̀ jù ní àdúgbò ilé ìwé ni wọ́n máa lò. Èkó sì ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2018 pé kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé ìwé. Ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni, ọmọ Ògù ló pọ̀ jù nínú kíláàsì mi. Yorùbá la fi ń kọ́ wọn, èyí tó jẹ́ èdè kejì fún wọn, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì, èdè kẹta. Ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fagi lé ìlànà 2022 yẹn, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi Yorùbá bínú gidi. Èmi ò mọ irú ojú tí mo fẹ́ fi wò ó. Ẹni tó ń bínú pé wọ́n gba èdè rẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ kò rí i pé ọwọ́ tirẹ̀ náà wà lẹ́nu ọmọ mi.

Jagunlabí

Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí ẹ má sọ Ògù nílé yín?

Senami_B

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ̀yin náà pé kí ẹ má sọ Yorùbá nílé yín, síbẹ̀ ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ yín níwèé.

Arogbo_1

Ẹ gba ti Senami yẹ̀ wò dáadáa. Ìjọ́ ni mí, láti Àrògbò ní Ẹsẹ̀-Odò, ìpínlẹ̀ Òǹdó. Àwọn ìbátan wa kan wà nítòsí tí wọ́n ń jẹ́ Àpọ̀ì. Ìjọ́ làwọn náà. Lónìí, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Àwa ará Àrògbò ṣì ń sọ Ìjọ́. Ọmọ Àpọ̀ì kan, Agboola Ajayi láti Kiribo, di igbákejì gómìnà ní 2017. Inú gbogbo Ẹsẹ̀-Odò dùn, inú tèmi náà dùn. Àmọ́ mo máa ń bi ara mi léèrè: ṣé bí ẹ̀yà kékeré ṣe máa wọnú ìlú nìyí, kó fi èdè rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé? Àwọn Àpọ̀ì kò ráhùn o. Ìgbéyàwó, ọjà, ilé ìwé, ìjọ, àwọn ló ṣe é, kì í ṣe òfin. Kò sẹ́ni tó fi kùmọ̀ lé wọn.

Mi ò ní ìdáhùn. Mo kàn fẹ́ kó wà nínú ìjíròrò yìí, torí ẹ ń sọ̀rọ̀ ipò àti iṣẹ́ nìkan.

Tanimọ̀la

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, èmi ò dàgbà tó yín. Ohun tó ń dùn mí ni ti àwọn ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Unity School. Máàkì tí wọ́n fi wọ ibẹ̀ ní 2013, gbogbo ayé ló rí i: ọmọ Anambra gbọ́dọ̀ gba 139, ọmọ Èkó 133, ọmọkùnrin láti Yobe gba 2 ó wọlé. Méjì! Yunifásítì náà ní ti wọn: ìdá 45 fún ẹni tó mọ̀wé jù, 35 fún àgbègbè tó yí ilé ìwé ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó ka ìwé kó jókòó sílé, kí ẹni tí kò kà wọlé. Ṣé ìyẹn ni ìṣọ̀kan?

ÒṣìṣẹFẹ̀yìntì

Ọmọ mi, máàkì méjì yẹn burú, n kò ní gbèjà rẹ̀. Ọmọ tó gba méjì kò lè bá kíláàsì rìn, wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ṣẹ ẹni tó gba 138. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dá àwọn ilé ìwé yẹn sílẹ̀ fún ni pé kí ọmọ Sókótó àti ọmọ Calabar jọ sùn nínú yàrá kan. Tó bá jẹ́ máàkì nìkan ni, ọmọ ìpínlẹ̀ mẹ́rin-márùn-ún ni ìwọ yóò bá nínú gbogbo wọn.

ỌmọOwé

Tanimọ̀la, àpẹẹrẹ rẹ gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ju bí o ṣe rò lọ. Yobe tí o dárúkọ, kì í ṣe ẹ̀yà kan ló wà níbẹ̀. Kànúrí wà, Fúlàní wà, Báádè wà, Ngizim wà, Karekare wà, Bólè wà. Nígbà tí wọ́n bá fi máàkì méjì ṣílẹ̀kùn fún Yobe, ta ló ń gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá? Ọmọ Ngizim láti abúlé, tàbí ọmọ akọ̀wé àgbà ìjọba ní Damaturu? Kò sí ìwé kankan tó lè dáhùn fún ọ, torí kò sẹ́ni tó kà á.

Àgùnbánirọ̀Àná

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ohun kan nínú gbogbo ètò yìí: NYSC. Gowon dá a sílẹ̀ ní 1973, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbé àwọn ọmọ tó bá jáde ní yunifásítì lọ sí ibi tí kì í ṣe ìpínlẹ̀ wọn. Wọ́n gbé mi lọ sí gúúsù Kaduna. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé gbogbo ohun tí mo ń pè ní "àwọn Hausa" láti kékeré, Báájù wà nínú rẹ̀, Àtyàp wà, Hám wà, tí wọ́n sì ní ìtàn ìjà tiwọn pẹ̀lú Hausa. Ọdún kan péré ni, ibẹ̀ ló sì ti kù díẹ̀ káàtó. Òfin kò sọ fún ọ pé o lè dúró síbẹ̀ bí ọmọ ìlú. O sìn wọ́n tán, wọ́n tú ọ ká, tí o bá wáṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á ní kí o mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá.

Ọ̀pọ̀ ìyàwó ló sì ti ibẹ̀ wá o! Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ọmọ Tiv.

Agbẹjọ́rò_Ìlú

Mo ti pẹ́ dé, ẹ jọ̀wọ́. Ọ̀rọ̀ ìyàwó tí Àgùnbánirọ̀ sọ yẹn, ẹ má fi rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni òfin ti kọsẹ̀ jù.

Abala 15(3) nínú ìwé òfin ní kí ìjọba fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibi tó bá wù ú, kó sì máa gba àwọn èèyàn níyànjú láti fẹ́ ara wọn láti ẹ̀yà kan sí òmíràn. Ìlànà Àjọ Federal Character wá sọ pé obìnrin tó bá lọ́kọ ṣì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí i. Ìjọba ní kó lọ fẹ́ ọmọ Tiv, ó fẹ́ ẹ, ìjọba ní òun kò mọ̀ ọ́n ní Benue. Ní oṣù Kọkànlá 2012, Onídàájọ́ Àgbà Nàìjíríà kọ̀ láti búra fún Onídàájọ́ Ifeoma Jombo-Ofo sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Anambra ni wọ́n ti bí i, Abia ni ọkọ rẹ̀ ti wá, ní orúkọ Abia ni wọ́n sì fi yàn án. Ó ti ṣiṣẹ́ onídàájọ́ ní Abia fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ariwo sọ, àwọn aṣòfin dá sí i, kí wọ́n tó padà búra fún un.

Abala 318 ló di gbogbo èyí mú. Ó ní ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan jẹ́ ara àwùjọ tó jẹ́ ìbílẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ, ibi tí wọ́n ti bí ọ, owó orí tí o ń san, kò sí nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí Ẹ̀gbọ́n Jagunlabí máa gbọ́ èyí: òfin kò béèrè ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń du ipò ìbò. James Faleke, ọmọ Èkìnrìn-Àdé ní Kogí ni, Òkun bíi ti ỌmọOwé, òun ló sì ń ṣojú Ìkẹjà ní Àbújá. Àwọn ará Ìkẹjà dìbò fún un. Ṣé Èkó ti bàjẹ́?

Jagunlabí

Yorùbá ni Faleke. Kò jọra.

Agbẹjọ́rò_Ìlú

Ọmọ Kogí ni nínú ìwé Àbújá. Ìwé Àbújá la sì ń sọ.

Jagunlabí

Ẹ ti mú mi síbẹ̀. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mò ń gbọ́.

Agbẹjọ́rò_Ìlú

Ẹ ṣé. ỌmọOwé, ìbéèrè tí o fi bẹ̀rẹ̀, ìwé òfin ti dáhùn apá kan nínú rẹ̀, àwọn èèyàn kì í kà débẹ̀ ni. Lẹ́yìn 14(3) ni 14(4) wà. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣe ètò wọn ní ọ̀nà tó fi hàn pé wọ́n mọ oríṣiríṣi èèyàn tó wà lábẹ́ wọn. Ìyẹn ni pé Lọ́kọ́ja jẹ Òkun ní gbèsè, bí Àbújá ṣe jẹ Kogí. Ìkẹjà jẹ Ògù ní gbèsè. Àkúrẹ́ jẹ Àrògbò.

Ibi tó ti sọ wá nù ni pé Abala 14 wà nínú Orí Kejì, Abala 6(6)(c) sì ní adájọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ lórí Orí Kejì. O kò lè gbé gómìnà lọ sílé ẹjọ́ pé kò tẹ̀ lé 14(4). Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ni Àjọ Federal Character fúnra rẹ̀, torí Àfikún Kẹta ìwé òfin fún un lágbára lórí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, títí dórí kó fi òfin mú ọ̀gá iléeṣẹ́ tó bá kọ̀ láti tẹ̀ lé ìlànà. Agbára yẹn wà nínú ìwé. Àbújá nìkan ni à ń gbọ́ tí wọ́n ń bá fa wàhálà.

ỌmọOwé

Mi ò mọ̀ pé agbára wọn dé ìpínlẹ̀. Bàbá ÒṣìṣẹFẹ̀yìntì, ẹ ní kí n sọ ohun tí a máa kà dípò ìpínlẹ̀. Ó dáa. Ẹ má ka ẹ̀yà, mo ti gbà pé ìkànìyàn kò sí. Ẹ ka ìjọba ìbílẹ̀. Òkun wà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó yé gbogbo èèyàn: Kàbà-Búnú, Ìjùmú, Ìlà-Oòrùn Yàgbà, Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà, Mopa-Muro, apá kan Lọ́kọ́ja. Àrògbò àti Àpọ̀ì wà ní Ẹsẹ̀-Odò. Ògù wà ní Àgbádárìgì àti Ìpókíá. Kí wọ́n máa gbé e jáde lọ́dọọdún pé nínú ìdá 3 Kogí, mélòó ló ti ìjọba ìbílẹ̀ wo wá.

ÌyáIbejì_Jos

Ìyẹn á ṣe ẹ̀yin tó ní ilé láǹfààní. Èmi ńkọ́? Ìjọba ìbílẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n á ṣì kà mí mọ́.

Agbẹjọ́rò_Ìlú

Òótọ́ ni, Màmá, kò ní kàn yín. Ti yín, ìpínlẹ̀ ló lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwé òfin kò dí gómìnà kankan lọ́wọ́ láti sọ pé owó ilé ìwé kan náà ni ọmọ ẹnikẹ́ni tó bá ń san owó orí lọ́dọ̀ òun yóò máa san, yálà ìbílẹ̀ ni tàbí àlejò. Àbá òfin Kalu fẹ́ yí ẹni tí èèyàn jẹ́ padà, ìdí tí gbogbo ayé fi bá a jà nìyẹn. Kò pọn dandan kí ẹ di ọmọ ìbílẹ̀ Plateau kí ọmọ yín tó sanwó bíi ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

ÌyáIbejì_Jos

Ìyẹn nìkan gan-an tó mi. Mi ò fẹ́ oyè.

ÒṣìṣẹFẹ̀yìntì

ỌmọOwé, mo ti ń ronú sí tìrẹ láti àárọ̀. Gbogbo fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó kọjá lọ́wọ́ mi ló ní àyè tí wọ́n ti máa kọ ìjọba ìbílẹ̀ èèyàn sí, lábẹ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀ gan-an. A máa ń kọ ọ́, a máa ń fi í pamọ́ sínú fáìlì. Nígbà tí a bá ń ṣe ìròyìn ọdọọdún fún Àjọ, ìpínlẹ̀ nìkan la máa ń rò pọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè èyí tó kù lọ́wọ́ wa rí. Nítorí náà, ohun tí o ń wá kì í ṣe ohun tí wọ́n ní láti lọ kà ní tuntun. Ó wà nílẹ̀.

Senami_B

Ta la máa kọ̀wé sí?

Agbẹjọ́rò_Ìlú

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní aṣojú kan nínú Àjọ náà. Ẹ kọ ọ́ sí ti Èkó àti ti Ògùn, kí ỌmọOwé kọ sí ti Kogí, kí Àrògbò kọ sí ti Òǹdó. Òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba ti wà láti 2011, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ẹ dárúkọ òfin yẹn nínú ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà yín.

ỌmọOwé

Màá kọ ọ́ lálẹ́ òní, màá gbé e síbí kí ẹ bá mi tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀, kó sọ.

Arogbo_1

Ẹ fi tèmi sí i.

Jagunlabí

Èmi náà á fọwọ́ sí i, Àgbádárìgì ni ìyá tó bí ìyá mi ti wá. Ṣùgbọ́n tí mo bá rí ọdún mẹ́wàá Kalu nínú lẹ́tà yẹn, ẹ yọ orúkọ mi kúrò.